Owó nínú fìrísà, wúrà nínú yàrá: Bí òfin Amẹ́ríkà ṣe ń ṣọ́ olóṣèlú tó ń jẹ lọ́wọ́ àjèjì

Bí ènìyàn bá ṣí fìrísà ilé rẹ̀, ẹran, ẹja tàbí ọbẹ̀ tó ti dì ló yẹ kí ó bá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI ya wọ ilé Ọ̀gbẹ́ni William Jefferson, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà, ní Washington lọ́jọ́ 3, oṣù kẹjọ, ọdún 2005, tí wọ́n sì ṣí fìrísà rẹ̀, owó ni wọ́n bá. $90,000 ni. Wọ́n ti fi fọ́ìlì wé e ní ìdì-ìdì, wọ́n sì tò ó sínú páálí oúnjẹ. Títí di òní, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ olóṣèlú tó ki ọwọ́ bọ ibi tí kò yẹ ní Amẹ́ríkà, fìrísà yẹn wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń rántí.

Àwa náà kò lè gbàgbé rẹ̀, nítorí pé Nàìjíríà wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Jefferson, ẹni tó ń ṣojú àwọn ará New Orleans lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat, ló ń ti ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní iGate lẹ́yìn. Ìpínlẹ̀ Kentucky ni ilé-iṣẹ́ náà wà, ẹ̀rọ tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì kọjá lórí wáyà tẹlifóònù lásán ni wọ́n ń tà, wọ́n sì ń wá bí wọn yóò ṣe bá NITEL, tó ṣì ń mí nígbà náà, dòwò pọ̀. Àwọn olùpẹjọ́ ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé kì í ṣe ojú àánú ni Jefferson fi ń sáré kiri nítorí wọn: ilé-iṣẹ́ tí ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń darí ni owó àti ìpín ìdókòwò ń wọlé sí. Obìnrin kan tó ti fi owó tirẹ̀ sínú òwò náà, tí ara wá ń fu, ló lọ bá FBI. Wọ́n fún un ní $100,000 tí wọ́n ti kọ nọ́mbà rẹ̀ sílẹ̀. Níwájú hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Arlington, ìpínlẹ̀ Virginia, ló ti gbé báàgì owó náà fún Jefferson lọ́jọ́ 30, oṣù keje, tí ẹ̀rọ ayàwòrán ń ká a sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bá èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ nínú fìrísà.

Ta wá ni owó náà wà fún? Àwọn olùpẹjọ́ ní igbákejì ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà, Alhaji Atiku Abubakar, ni Jefferson sọ pé òun fẹ́ fi wá ojúrere rẹ̀. FBI tú ilé tí Atiku ní sí Potomac, ìpínlẹ̀ Maryland, lọ́jọ́ kan náà. Atiku sọ pé ọwọ́ òun mọ́, kò sì sí ẹni tó fẹ̀sùn kàn án ní ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ náà. Ohun kan tó dájú ni pé owó náà kò kúrò nílé Jefferson.

Ní oṣù kẹjọ, ọdún 2009, àwọn aráàlú méjìlá tí òfin wọn máa ń yàn láti jókòó gbọ́ ẹjọ́ dá Jefferson lẹ́bi lórí ẹ̀sùn 11 nínú 16. Ẹ̀wọ̀n ọdún 13 ni adájọ́ jù ú sí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tó yani lẹ́nu: ẹ̀sùn tó dá lórí fífún òṣìṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ òkèèrè ní rìbá, ìyẹn èyí tí owó fìrísà náà jẹ mọ́ gan-an, ni wọ́n dá a láre lé lórí. Ohun tó ti ń gbà wọlé láti ọwọ́ àwọn oníṣòwò nítorí ipò rẹ̀ ló kó bá a.

Èyí ló mú kí akọ̀ròyìn wa tú ìwé òfin àwọn ará Amẹ́ríkà wò, láti mọ ohun tí wọ́n kà léèwọ̀ fún olóṣèlú wọn tó bá di ọ̀rọ̀ owó àjèjì. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kà léèwọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni owó àjèjì lè gbà dé ọ̀dọ̀ olóṣèlú, ojú tí òfin sì fi ń wo ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀bùn, nítorí òun ló pẹ́ jù. Ní ọdún 1785, nígbà tí Benjamin Franklin, aṣojú Amẹ́ríkà nílẹ̀ Faransé, ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílé, Ọba Louis Kẹrìndínlógún fún un ní àwòrán ara rẹ̀ lórí àpótí aṣáà kékeré kan. Òkúta dáyámọ́ńdì 408 ni wọ́n fi yí àwòrán náà ká. Nílẹ̀ tiwa, ọba kì í jẹ́ kí àlejò pàtàkì lọ lọ́wọ́ òfo, kò sì sí ẹni tí yóò bi àlejò náà léèrè nígbà tó bá délé. Ti Franklin kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní láti gbé ẹ̀bùn náà síwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin kí wọ́n fọwọ́ sí i kí ó tó lè pè é ní tirẹ̀. (Nígbà tó ń kú lọ, ó fi í sílẹ̀ fún ọmọbìnrin rẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún un pé kó má fi dáyámọ́ńdì náà ṣe ẹ̀ṣọ́ sí ara. Ọmọ kò kúkú fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Ó ta lára rẹ̀, ó fi owó rẹ̀ gbafẹ́ lọ sí Yúróòpù.)

Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀bùn yẹn, nígbà tí wọ́n jókòó kọ ìwé òfin ilẹ̀ wọn ní Philadelphia, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá di ipò mú lábẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ gba ẹ̀bùn, owó, ipò tàbí oyè lọ́wọ́ ọba, ọmọ ọba tàbí orílẹ̀-èdè kankan, àyàfi tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá yọ̀ǹda. Orílẹ̀-èdè wọn ṣì kéré nígbà náà, wọn kò sì lówó lọ́wọ́. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni pé àwọn ọba Yúróòpù lè fi ẹ̀bùn ra àwọn olórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn èèyàn wa náà máa ń sọ pé ẹnu tó bá ti jẹ dòdò kò ní lè sọ òdodo.

Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń fi òfin kún òfin. Ní ọdún 1978, lẹ́yìn ìtìjú Watergate tó lé Ààrẹ Nixon lọ, wọ́n ṣe òfin pé kí àwọn olóyè ìjọba máa kọ ohun ìní àti gbèsè wọn sílẹ̀ lọ́dọọdún fún aráyé rí. Ọmọ ilé aṣojú-ṣòfin kò gbọdọ̀ gba ẹ̀bùn tó tó $50 lọ́wọ́ ẹnìkan, bẹ́ẹ̀ ni àpapọ̀ èyí tó bá gbà lọ́wọ́ ẹni kan náà láàrin ọdún kò gbọdọ̀ tó $100. Láti ọdún 2007 ni wọn kò ti gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àwọn alágbàwí, ìyẹn àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa gbowó bá ènìyàn sọ̀rọ̀ létí ìjọba. Kódà oúnjẹ ní òfin tirẹ̀. Aṣòfin lè jẹ ìpápánu tí wọ́n bá gbé kiri níbi àpèjẹ tí gbogbo ènìyàn wà lórí ìdúró, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jókòó ti àwo oúnjẹ tí alágbàwí sanwó rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ń pe òfin yìí ní òfin igi ìtayín, nítorí oúnjẹ tí a lè fi igi ìtayín gún ni wọ́n fàyè gbà. Tí ẹnìkan bá gbé irú òfin yìí wá sí Abuja, mo rò pé ìjà ni yóò dá sílẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ti alágbàwí fún ilẹ̀ òkèèrè, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, Ivy Lee, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ ìbáṣepọ̀ aráàlú di iṣẹ́ gidi ní Amẹ́ríkà, ń gbowó lọ́wọ́ I.G. Farben, ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà ńlá ilẹ̀ Jámánì, láti gbà wọ́n nímọ̀ràn lórí bí orúkọ Jámánì yóò ṣe dára lójú àwọn ará Amẹ́ríkà, nígbà tí Hitler ti gba ìjọba. Nígbà tí àwọn aṣòfin tú àṣírí irú iṣẹ́ yìí, tí wọ́n sì rí i bí ìpolongo àwọn Nasi ṣe ń wọ inú ìwé ìròyìn wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ ẹni tó ń sanwó rẹ̀, wọ́n ṣe òfin kan ní ọdún 1938 tí wọ́n ń pè ní FARA.

FARA kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣiṣẹ́ fún ìjọba ilẹ̀ òkèèrè. Ohun tó sọ ni pé kí ó má fi ṣe àṣírí. Bí o bá gbà láti ṣojú ìjọba kan, láàrin ọjọ́ mẹ́wàá, lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́. Kọ iye tí wọ́n ń san fún ọ, kọ iṣẹ́ tí wọ́n ní kí o ṣe. Ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, kọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí o lọ bá. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti ṣe é lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún jura.

Ìdí nìyí tí aráyé fi máa ń mọ̀ nígbà tí ìjọba Nàìjíríà bá gba alágbàwí ní Washington. Ní ọdún 2014, lẹ́yìn tí wọ́n jí àwọn ọmọbìnrin Chibok gbé, tí ariwo gba gbogbo ayé, ìjọba Ààrẹ Goodluck Jonathan gba ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Levick, iye owó iṣẹ́ náà sì lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Àwọn ọmọ kò tíì délé, àwa sì ń sanwó fún ẹni tí yóò bá wa tún orúkọ ṣe. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà. Ṣùgbọ́n lójú òfin Amẹ́ríkà, kò sí ẹni tó ṣẹ̀: ìwé wà nílẹ̀, iye owó wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè kà á.

Ìrírí mìíràn tún wà tó fi hàn pé ohun tí òfin gbà lè kó bá olóṣèlú. Sẹ́nétọ̀ Carol Moseley Braun láti ìpínlẹ̀ Illinois ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà wọn. Ní oṣù kẹjọ, ọdún 1996, ó wá sí Nàìjíríà, ó sì lọ kí Ọ̀gágun Sani Abacha. Ẹ rántí ìgbà tí èyí jẹ́. Kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n yẹgi fún Ken Saro-Wiwa. Oṣù méjì péré ni wọ́n fi yìnbọn pa Alhaja Kudirat Abiola lójú pópó l'Ékòó, ọkọ rẹ̀ ṣì wà ní àtìmọ́lé. Nígbà tí sẹ́nétọ̀ náà padà délé, wọ́n rán an létí pé àfẹ́sọ́nà rẹ̀ àtijọ́, tó bá a dé ibẹ̀, ti fìgbà kan jẹ́ alágbàwí fún ìjọba Nàìjíríà. Ó ní ìbẹ̀wò ara òun ni, kò sì rú òfin kankan. Àmọ́ àwọn alátakò rẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú, nígbà tí ìbò ọdún 1998 sì dé, ó pàdánù ìjókòó rẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni owó ìpolongo ìbò, níbí ni òfin ti le jù. Láti ọdún 1966 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dí i, wọ́n fún un mọ́lẹ̀ sí i ní ọdún 1974 àti 2002. Àjèjì kò gbọdọ̀ dá kọ́bọ̀ fún ìpolongo ìbò kankan ní Amẹ́ríkà, ìbáà jẹ́ ti ààrẹ, ìbáà jẹ́ ti káńsẹ́lọ̀ àdúgbò. Kì í ṣe ìjọba ilẹ̀ òkèèrè nìkan. Ẹnikẹ́ni tí kì í bá ṣe ọmọ ilẹ̀ náà, tí kò sì ní gíríìnkáàdì, wà lára wọn. Àwọn àjèjì méjì kan tó ń gbé níbẹ̀ lábẹ́ òfin gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ ni. Ní ọdún 2011, àwọn adájọ́ mẹ́ta sọ fún wọn pé ìjọba ara-ẹni jẹ́ ti àwọn ọmọ onílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Brett Kavanaugh, tó ti wá di adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ báyìí, ló kọ ìdájọ́ náà, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sì fọwọ́ sí i ní ọdún 2012.

Orúkọ tí a mọ̀ dáadáa ló tún jáde lábẹ́ òfin yìí. Ọ̀gbẹ́ni Gilbert Chagoury, ọlọ́rọ̀ tí wọ́n bí sí Èkó, tí ilé-iṣẹ́ ẹbí rẹ̀ ń kọ́ ìlú Eko Atlantic sórí omi, kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹta, ọdún 2021, àwọn olùpẹjọ́ ìjọba ní Los Angeles kéde pé Chagoury ti jẹ́wọ́ pé láàrin ọdún 2012 sí 2016, òun fún àwọn kan tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí $180,000, kí wọ́n fi orúkọ tiwọn dá a fún olùdíje mẹ́rin. Wọ́n bá a ṣe àdéhùn: ó san $1.8 mílíọ̀nù, ó gbà láti ran ìwádìí lọ́wọ́, wọ́n kò sì gbé e lọ sílé ẹjọ́.

Ọ̀kan lára àwọn tí owó náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Jeff Fortenberry, aṣòfin ẹgbẹ́ Republican láti Nebraska. $30,000 ni wọ́n dá fún un níbi ìkówójọ kan ní Los Angeles ní ọdún 2016. Wọn kò fẹ̀sùn gbígba owó kàn án o. Ẹ̀sùn irọ́ ni: àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bi í bóyá ó mọ orísun owó náà, wọ́n ní kò sọ òótọ́. Wọ́n dá a lẹ́bi ní oṣù kẹta, ọdún 2022, ó sì fipò sílẹ̀. Ní òpin ọdún 2023, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn da ẹjọ́ náà nù, kì í ṣe pé wọ́n ní kò purọ́, wọ́n ní Los Angeles kọ́ ni ibi tó yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ọ, nítorí pé ibòmíràn ló ti sọ̀rọ̀ náà. Wọ́n tún un gbé lọ sí Washington ní 2024. Ní oṣù kìíní, ọdún 2025, nígbà tí ìjọba tuntun dé, wọ́n ní kí ẹjọ́ náà parí síbẹ̀.

Bí èyí ṣe rí ni mo ṣe bá ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹjọ́ wọ̀nyí. Òfin wà, ó sì mú, ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ni ọ̀bẹ wà? Ayẹ̀wò tí ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ wọn ṣe fúnra rẹ̀ ní ọdún 2016 fi hàn pé láti 1966 títí di 2015, ẹjọ́ ọ̀daràn méje péré ni wọ́n gbé dìde lábẹ́ FARA. Méje, láàrin nǹkan bí àádọ́ta ọdún! Àfi lẹ́yìn ìbò ọdún 2016, nígbà tí ariwo Rọ́ṣíà sọ, ni wọ́n tó gbọn eruku kúrò lórí òfin náà. Paul Manafort, tó ti fìgbà kan jẹ́ alága ìpolongo Donald Trump, jẹ́wọ́ ní ọdún 2018 pé òun ṣiṣẹ́ fún ìjọba Ukraine láìforúkọ sílẹ̀. Ó ṣẹ̀wọ̀n díẹ̀. Ní oṣù kejìlá, ọdún 2020, Trump dárí jì í.

Ẹjọ́ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù ni ti Sẹ́nétọ̀ Bob Menendez láti New Jersey. Òun ni alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní ilé aṣòfin àgbà, ìyẹn ni pé orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ ra ohun ìjà tàbí gba ìrànwọ́ kò lè ṣe kó má gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Nígbà tí FBI tú ilé rẹ̀ ní oṣù kẹfà, ọdún 2022, wọ́n bá owó tó lé ní $480,000, òmíràn nínú àpòòwé, òmíràn nínú àpò jákẹ́ẹ̀tì, òmíràn nínú bàtà. Wọ́n sì bá ọ̀pá wúrà. Mọ́tò Mercedes tí àwọn oníṣòwò bá ìyàwó rẹ̀ rà náà wà nílẹ̀. Wọ́n ní nítorí rẹ̀ ló ṣe ń ran ìjọba Íjíbítì lọ́wọ́, tó tilẹ̀ bá wọn kọ lẹ́tà tí wọn yóò fi bẹ àwọn sẹ́nétọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n fi owó ìrànwọ́ sílẹ̀. Òun ní àṣà ìdílé òun ni fífi owó pamọ́ sílé, nítorí ohun tí ojú àwọn òbí òun rí ní Kúbà. Àwọn tó jókòó gbọ́ ẹjọ́ kò gbà á gbọ́. Ní oṣù keje, ọdún 2024, wọ́n dá a lẹ́bi lórí gbogbo ẹ̀sùn 16. Òun ni sẹ́nétọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n dá lẹ́bi pé ó jẹ́ aṣojú ilẹ̀ òkèèrè lórí àga. Ẹ̀wọ̀n ọdún 11 ni, ó sì wọlé sẹ́wọ̀n ní oṣù kẹfà, ọdún 2025.

Ẹ fi èyí wé ti àwọn méjì mìíràn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní ọdún 2024 kan náà. Wọ́n ní Eric Adams, olórí ìlú New York nígbà náà, gba ìrìn-àjò òfẹ́ àti owó ìpolongo láti ọwọ́ àwọn ará Tọ́kì. Wọ́n ní Henry Cuellar, aṣòfin láti Texas, gba rìbá láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba Azerbaijan. Àwọn méjèèjì ní àwọn kò jẹ̀bi. Kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ mọ́ ní ilé ẹjọ́: ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fagi lé ẹjọ́ Adams, adájọ́ sì tú u ká ní oṣù kẹrin, ọdún 2025, ààrẹ dárí ji Cuellar ní oṣù kejìlá ọdún náà, kí ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ Democrat ni àwọn méjèèjì o, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ẹgbẹ́ kan ń gba ẹgbẹ́ rẹ̀ là nìkan.

Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ náà ti tú okùn òfin sílẹ̀ díẹ̀. Ní ọdún 2016, wọ́n da ẹjọ́ Bob McDonnell, gómìnà Virginia tẹ́lẹ̀, nù. Ọkùnrin yìí àti ìyàwó rẹ̀ gba ẹ̀bùn àti owó yíyá tó lé ní $170,000, aago Rolex wà nínú rẹ̀. Àwọn adájọ́ ní ohun tó ṣe fún olówó náà, ìyẹn pé ó ṣètò ìpàdé fún un, ó sì fi í han àwọn ènìyàn, kò tó ohun tí a lè pè ní iṣẹ́ ìjọba tí ó tà. Ìdájọ́ yìí gan-an ni Jefferson onífìrísà sá di. Ní ọdún 2017, adájọ́ tó sọ ọ́ sẹ́wọ̀n fagi lé méje nínú ẹ̀sùn tó kù lọ́rùn rẹ̀, ó sì jáde lẹ́yìn nǹkan bí ọdún márùn-ún àbọ̀. Ní ọdún 2024 ẹ̀wẹ̀, wọ́n sọ nínú ẹjọ́ olórí ìlú kékeré kan ní Indiana, tó gba $13,000 lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́yìn tó ti fún wọn ní kọńtíráàtì, pé òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n fi mú un kò ka owó ìdúpẹ́ léèwọ̀, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ó kà léèwọ̀. Ẹ ò rí nǹkan: ohun tí wọ́n bá gbà ṣáájú iṣẹ́ ni rìbá, èyí tí wọ́n bá gbà lẹ́yìn iṣẹ́ ti di "ẹ ṣé". Bí a bá mú ìyàtọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tiwa, inú wọn yóò dùn.

Lọ́jọ́ 5, oṣù kejì, ọdún 2025, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba wọn, Pam Bondi, tú ìgbìmọ̀ FBI tó ń gbógun ti ìdásí àwọn ilẹ̀ òkèèrè ká. Ó tún ní kí wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀daràn lábẹ́ FARA mọ sórí ohun tó bá jọ iṣẹ́ amí gidi. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìjọba Qatar gbé ọkọ̀ òfuurufú Boeing 747 kan tí wọ́n fojú bù sí $400 mílíọ̀nù kalẹ̀ fún ìlò ààrẹ. Àwọn tó ń ṣàtakò rán aráyé létí ohun tí wọ́n kọ ní Philadelphia. Ìjọba dáhùn pé ilé-iṣẹ́ ètò ààbò ni wọ́n fún, kì í ṣe ààrẹ fúnra rẹ̀. Franklin tó gbé àpótí aṣáà lọ fi han ìgbìmọ̀ kò sí láyé láti wò ó.

Kí ló wá kàn wá níbẹ̀? Lákọ̀ọ́kọ́, àwa náà ní irú rẹ̀ nílé. Abala 225 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé ẹgbẹ́ òṣèlú kankan kò gbọdọ̀ ní owó tàbí dúkìá sí òkè òkun, àti pé owó tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí wọn láti ìta, kí wọ́n kó o fún INEC láàrin ọjọ́ 21. Gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ ní ẹ̀ka ní London àti Houston. Ẹni tó bá ti rí INEC tó ń kéde pé ẹgbẹ́ kan ti kó irú owó bẹ́ẹ̀ wá, kí ó jọ̀ọ́ fi tó wa létí.

Èyí tó sì tún kàn wá ju ìyẹn lọ ni ti àwọn ọmọ, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa tó wà ní Houston, Maryland, Chicago àti Atlanta. Àwọn ọmọ wa ti ń díje fún ipò níbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ ìlú sì ń ṣe ìkówójọ fún wọn. Níbi àríyá bẹ́ẹ̀, ó rọrùn kí ẹnìkan láti ilé sọ pé, "Àbúrò, gba èyí, bá mi fi orúkọ rẹ dá a." Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ mú àwọn ènìyàn Chagoury náà nìyẹn, ẹni tó yá ènìyàn lórúkọ rẹ̀ jẹ̀bi bí ẹni tó ni owó. Ẹni tó bá ní gíríìnkáàdì lè dá owó tirẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dìbò. Tó bá dìbò fún ààrẹ tàbí aṣòfin wọn, ẹ̀wọ̀n lè wà níbẹ̀, wọ́n sì lè dá a padà sílé. Ẹni tó ṣì ń lo físà iṣẹ́ tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ dá kọ́bọ̀. Àmọ́ tó bá wù ú láti bá wọn pín ìwé ìpolongo, tàbí kó máa kan ilẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé, òfin kò dí i lọ́wọ́, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti gba owó iṣẹ́.